Ìmọ́lẹ̀ Aró ní Ilé Kejìlélógójì

"Di ẹsẹ̀ àpótí yìí mú dáadáa, Àṣàkẹ́. Bí mo bá ṣubú lónìí, èmi nìkan kọ́ ni yóò ṣubú."

Ìyá Dúródọlá tún na ọwọ́ sókè sí àjà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ló ti gùn ún lẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó fi eyín di wáyà kékeré kan mú. Ó fi èékánná tọ ojú ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí iná náà pa, ó rí ibi tó rọ̀, ó sì ti ẹnu ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ó dún "ká". Àṣàkẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó bímọ lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn, di ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá létí.

"Ṣé ó ti ṣí, Ìyá àgbà?"

"Ó ti ṣí. Ìwọ gbọ́ tí àjà pariwo?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"O ò ní gbọ́. Àjà tí wọ́n ní ó gbọ́n ju Sólómọ́nì lọ, wáyà tó gùn tó ìka méjì ni mo fi dí i lẹ́nu. Kí o tó yọ ẹnì kan láàrin àwọn tó di ọwọ́ ara wọn mú, kọ́kọ́ wá ọwọ́ mìíràn tí àwọn tó kù yóò dì mú. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ."

Lóòótọ́, àjà kò fura. Ó tilẹ̀ ṣe bí ó ti máa ń ṣe ní wákàtí wákàtí, ó fi ohùn dídùn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan: "Ẹ kú àárọ̀ o, ilé kejìlélógójì. Ìmọ́lẹ̀ yín pé. Ẹ rántí o, ẹni tó bá ṣí iná, ẹnu ọ̀nà ìta ló ṣí fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo ará ilé rẹ̀."

"Baba ńlá ẹ," ni Ìyá Dúródọlá dá a lóhùn.

"Ìyá àgbà, ẹ rántí àwọn ará ilé kẹtàdínlógún." Ohùn Àṣàkẹ́ ti ń já.

"Mo rántí wọn. Kòkòrò kan kú sínú iná wọn, wọ́n ṣí i kí wọ́n lè gbọ̀n ọ́n nù. Nítorí òkú kòkòrò, wọ́n ti bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta síta sínú eruku. Àwọn tó tì wọ́n síta sì ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀làjú."

Ó bojú wo ibi tí ìkókó náà sùn sí. Ọkùnrin ni, kò tíì ní orúkọ nítorí ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹyinjú rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà àyà, lẹ́yìn náà ikùn. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí Ìyá fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó yọ àwọ̀ ìyeyè bí inú ẹyin adìẹ. Ọmú tó ń fà tagbára-tagbára ní ìjẹta, ẹnu lásán ló ń fi ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí, oorun tó sì ń sùn kì í ṣe oorun tó dára. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì wá lánàá, ó ní iná aláwọ̀ aró ti ilé ìwòsàn nìkan ló lè fọ̀ ọ́ kúrò lára rẹ̀, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n á fi tò. Ọjọ́ kọkànlá sí àná ni nọ́ńbà náà bọ́ sí. Àṣàkẹ́ bi í pé kí ló lè ṣẹlẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Ó ní bí ó bá gun orí, ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè pa á. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láyé àtijọ́, oòrùn àárọ̀ ni wọn ìbá kọ́kọ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n eruku ti bo oòrùn ìlú Òkè-Ìtura mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlélógún, ilé náà kò sì ní fèrèsé.

Kò ní fèrèsé! Ó yẹ kí èèyàn tún un sọ kí ó lè wọni létí. Kò sì sí ẹni tó fipá mú àwọn ará ìlú. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi rà á. Nígbà tí Ìyá Dúródọlá wà lọ́mọdé, gílóòbù oníwáyà ṣì wà nínú ilé, èyí tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, tó ń jẹ iná bí eṣú, tí ooru rẹ̀ sì pọ̀ ju ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí iná eléèdì dé, ìlú yọ̀. Ó ń jẹ díẹ̀, ó ń tàn púpọ̀, bátìrì àti sólà kékeré lè gbé e. Ẹni tó fi ọ̀kan sí pálọ̀ tún fi ọ̀kan sí ilé ìwẹ̀, ó fi sí abẹ́ àtẹ̀gùn, ó fi sí ẹ̀yìn dígí, ó fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ju ìkòkò méjì lọ. Ó dára, kò sí ẹni tó ní kò dára. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́lé jókòó, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí iná kò ti jẹ nǹkan mọ́, kí ni fèrèsé ń ṣe? Fèrèsé ń mú ooru wọlé, ó ń mú eruku wọlé, ó ń jẹ́ kí aládùúgbò mọ ohun tí èèyàn ń sè. Wọ́n dí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Ìgbà tí wọ́n dí i tán ni ẹni tó ni iná di ẹni tó ni ọ̀sán.

Ìyá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwo iná náà lọ́wọ́. Àwo irin pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ ní eyín bí òòyà kí ooru lè rí ibi gbà jáde. Lójú rẹ̀, àwọn òkúta kéékèèké jókòó lẹ́sẹẹsẹ, gọ́ọ̀mù àwọ̀ ìyeyè sì bò wọ́n.

"Kí ni o rí níbí, Àṣàkẹ́?"

"Iná ni."

"Kò sí iná níbẹ̀. Òkúta ni, kò tó hóró ọkà bàbà. Oríṣi ilẹ̀ méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan kún fún èrò ọ̀nà, ekejì kún fún ihò. Bí ẹ́lẹ́tíríìkì bá ti àwọn èrò náà lẹ́yìn, wọn á sáré kọjá ààlà, wọn á jìn sí ihò. Ẹni tó bá jìn, ẹrù ọwọ́ rẹ̀ á bọ́. Ẹrù tó bọ́ yẹn ni ìmọ́lẹ̀. Bí ihò náà kò bá jìn púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ á di pupa. Bí ó bá jìn gan-an, á di aró."

"Ihò tó ń yọ funfun ńkọ́?"

"Kò sí." Ìyá yọ ṣùtì. "Aró ni gbogbo wọn. Gbogbo àjà ìlú yìí pátá, aró ni. Gọ́ọ̀mù ìyeyè yìí ló ń gbé aró mì, tó ń pọ̀ ọ́ sóde ní ìyeyè. Ìyeyè tó pọ̀ jáde dà mọ́ aró tó ṣẹ́kù, ojú ẹ̀dá sì gbà pé funfun ni. Funfun tí wọ́n ń kí láàárọ̀, tí wọ́n ń ṣí fìlà fún, irọ́ tí àwọ̀ méjì jọ pa ni."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Ogún ọdún ló fi jókòó sí oríta kan pẹ̀lú tábìlì kékeré àti irin gbígbóná tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, tó ń jí gílóòbù tí àwọn èèyàn ti sọ nù. Ìyá Ajígílóòbù ni wọ́n ń pè é. Bí òkúta kan bá kú láàrin àwọn tó tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo ìlà á kú mọ́ ọn. Ìyá á wá òkú náà rí, èyí tó ní àmì dúdú lójú bí ẹ̀wà, á fi lẹ́ẹ̀dì ṣe afárá kọjá lórí rẹ̀, àwọn tó kù á sì jí. Lọ́jọ́ kan, ilé ìgbẹ̀bí kan gbé àpótí iná aró wọn wá fún un. Ó ti kú, ọmọ mẹ́rin sì ń retí rẹ̀. Ìyá ṣí i, ó rò pé òun yóò bá nǹkan àrà nínú rẹ̀. Òkúta orí tábìlì rẹ̀ náà ló bá, àfi pé wọn kò fi gọ́ọ̀mù bò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tó bi í.

Ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀. Wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ tín ju irun ìpéǹpéjú lọ, bí abẹ bá sì fọwọ́ kàn án, òkúta yẹn parí. Ó pa mẹ́ta nínú àwo àkọ́kọ́. Ó bú ara rẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì ṣe afárá lé wọn lórí, ó dá àwo náà padà sí àjà, ó sì tẹ ìdérí rẹ̀ pa. Iná aró bú jáde, ó mú bí ẹ̀gún.

Àjà ilé wọn kò ga. Dípò kí wọ́n fa iná wá sílẹ̀ bá ọmọ, tábìlì ni wọ́n gbé ọmọ lé, òun pẹ̀lú ibùsùn rẹ̀. Wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, ó ku ìlédìí nìkan, Àṣàkẹ́ sì fi aṣọ dúdú onípele mẹ́ta dì í lójú. Àwo méje ló wà ní pálọ̀. Ìyá ti ṣe mẹ́rin tán nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Akínlàjà, ọkọ Àṣàkẹ́, wọlé.

Aṣọ́ná ni Akínlàjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ àjà ilé gbogbo wò kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣí iná. Fìlà iṣẹ́ rẹ̀ ní iná kan níwájú bí ojú kẹta, kò sì tíì fi í rí nǹkan kan rí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, aró bò ó láti orí dé bàtà.

"Màmá. Màmá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Káàbọ̀, Akínlàjà. Bọ́ bàtà rẹ síta, eruku ò dára fún ọmọ."

"Iṣẹ́ mi nìyí, Màmá! Èmi ni mo lọ ti àwọn ará ilé kẹtàdínlógún síta. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn!"

"Mo mọ̀. O padà wálé jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. O ní ẹ̀fọ́ ò níyọ̀."

Akínlàjà bọ́ bàtà rẹ̀ síta. Nígbà tó máa tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Orúkọ mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá. Bí wọ́n bá rí i, gbogbo wa ni wọ́n máa kó síta. Ọmọ yìí ò lè lo ọjọ́ méjì nínú eruku yẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá, nítorí òmùgọ̀ ló sọ ọ́, ó sì jẹ́ òótọ́. Láti òwúrọ̀ lòun náà ti ń rò ó. Bí wọ́n bá jókòó sábẹ́ funfun kí wọ́n máa retí nọ́ńbà, ibà á pa ọmọ. Bí wọ́n bá ṣí iná kí àṣírí tú, eruku á pa á. Ikú wà lójú ọ̀nà méjèèjì, àfi pé èkíní dájú, èkejì sì wà lọ́wọ́ àwọn tí kò ríran dáadáa.

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù títí nọ́ńbà á fi kàn wá," ni Akínlàjà wí.

Àṣàkẹ́ kò gbé ojú sókè. "Ọkọ mi, wá tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ rẹ."

"Mo ti rí i lánàá."

"Mo ní kí o wá tẹ̀ ẹ́."

Ó súnmọ́ ọn. Ó gbé ọmọ náà kúrò lábẹ́ aró lọ sí igun tí funfun ṣì wà, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó. Ọmọ náà kò ké. Ọmọ ọlọ́jọ́ márùn-ún tí ọwọ́ líle tẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò ké! Akínlàjà dá a padà sórí tábìlì, ó ṣí fìlà, ó gbé e sílẹ̀, ó sì wá di ẹsẹ̀ àpótí mú.

"Mélòó ló kù, Màmá?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ tètè."

Inú Ìyá kò dùn sí i. Ó rọrùn fún un láti kórìíra ọkùnrin náà pátápátá ju kí ó máa ṣe nǹkan gidi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí àwo keje padà sí àjà. Pálọ̀ náà di inú ìkòkò aró. Wọn kò tíì jókòó tán tí àjà fi tún sọ̀rọ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ilé kejìlélógójì. Ilé yín ti ṣókùnkùn. A ti rán ẹnì kan sí yín."

"Ó ṣókùnkùn kẹ̀!" Ẹ̀rín ń pa Ìyá lọ. "Ẹ wo òkú ọ̀bọ! Ohun tí ojú èèyàn fẹ́ràn jù ni wọ́n kọ́ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ wọn láti máa kà, àwọ̀ ewé àti ìyeyè. Wọn ò kọ́ ọ ní aró, ó sì lóun ò rí i."

Ṣùgbọ́n Akínlàjà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ẹni tí wọ́n máa rán wá. Ọ̀gá Bámigbóyè ni, olórí gbogbo Aṣọ́ná, obìnrin tó sanra, tó ń ta sánsán lọ́fínńdà, tí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sì ń fì lọ́rùn rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìjòyè. Nígbà tó dé, Akínlàjà dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọ̀gá rìn wọ àárín pálọ̀. Eyín rẹ̀ di aró, funfun ojú rẹ̀ di aró, bùláòsì funfun tó wọ̀ di ẹlú. Ó gbé ìwọ̀n náà sókè, ó wò ó, ó sì kọ háà.

"Márùn-ún! Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Akínlàjà, báwo lẹ ṣe ń ríran níbí?"

"À ń fọwọ́ wá ọ̀nà ni, ọmọ mi," ni Ìyá wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Òkùnkùn ò dáa fún àgbàlagbà rárá." Ó rí tábìlì. "Kí ni ọmọ ń ṣe lókè níbẹ̀?"

"Ó ń retí nọ́ńbà rẹ̀."

Ọ̀gá mi orí, ó gbà bẹ́ẹ̀. "Ó dára. Ètò ló dára ní gbogbo nǹkan." Ó tún wo ìwọ̀n. "Èyí tó bá ti wà lábẹ́ mẹ́wàá, òkú iná ni, a kì í sì í fi òkú iná sílẹ̀ lórí alààyè. Màá kó méjèèje lọ nísinsìnyí, tuntun á dé lọ́la. Tìtorí pé ilé Aṣọ́ná ni, a ò ní jẹ́ kó pẹ́. Ó yá, Akínlàjà, gun àpótí kí o já wọn."

Bí Akínlàjà bá gun àpótí, á dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé wọn á wà, fìlà rẹ̀ á wà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Ọmọ náà á padà sábẹ́ funfun. Àṣàkẹ́ ń wo ọkọ rẹ̀. Ìyá kò wò ó ní tirẹ̀. Ó ti rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ púpọ̀ láyé rẹ̀, ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń gbà. Ó sì gbọ́ tí àpótí ró, ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ kan gùn ún.

Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀.

"Wọn ò kú, Ọ̀gá."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n ń tàn. A ṣí wọn. Èmi ni mo di àpótí mú. A ha gọ́ọ̀mù ojú wọn kúrò, aró ni wọ́n ń yọ, aró yẹn lọmọ mi sì nílò. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ yín."

Ọ̀gá Bámigbóyè wo ọwọ́ rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Àwọ̀ aró ń dán lórí òrùka rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bí ẹni pé ojú obìnrin náà fẹ́ là. Ó wá gbé ìwọ̀n sókè. Márùn-ún ló ṣì ń kà.

"Ojú mi lè ṣe àṣìṣe," ó wí. "Èyí kì í ṣe àṣìṣe."

"Ọ̀gá, mo ní àwa la ṣí i!"

"Iná tí wọ́n bá ṣí, àjà á pariwo. Ṣé àjà pariwo? Kò pariwo. Iná tó bá ń tàn, ìwọ̀n á kà á. Ṣé ó kà á? Kò kà á." Inú ti ń bí i gidigidi. "Ìwọ, Aṣọ́ná, lo dúró níwájú mi tó ò ń bá ìwọ̀n jiyàn? Ará ilé kẹtàdínlógún, iná lásán ni wọ́n ṣí. Tìrẹ burú ju tiwọn lọ!" Ó na ọwọ́ mú fìlà Akínlàjà, ó fi há abíyá. "Ó di ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀. Òní lọ́jọ́ méje ni wọ́n máa jókòó lé e lórí. Títí dìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan nínú pálọ̀ yìí. Kí ohun tó wà lájà wà lájà, kí ohun tó wà lórí tábìlì wà lórí tábìlì. Kí òkùnkùn yìí dúró gẹ́lẹ́ bí mo ṣe bá a, kí àwọn àgbà lè fojú ara wọn rí i!"

Ó fi ìbínú jáde. Ó kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bú òkùnkùn pé òun ló fà á.

Akínlàjà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ ṣófo, ó kéré sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. "Ọjọ́ méje," ó wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tì wá síta."

"Ọjọ́ méje tó fún ibà láti lọ," ni Àṣàkẹ́ wí. Ó ti ń sunkún.

Ìyá Dúródọlá wo ọkọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó wá èébú kan tó bá a mu. Ó tú gbogbo àpò rẹ̀ láti ìgbà oríta títí di òní, kò rí èyí tó tọ́.

"Akínlàjà, dìde ńlẹ̀ kí o lọ fọ ọwọ́ rẹ," ó wí. "Wá bá mi dojú ọmọ rẹ dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì rí iná."